Bí Mo Ṣe Mú Ẹ̀rọ Yára, Tí Oko Bàbá Sálámì Sì Kéré

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń yà sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ìrun Àsárì, tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe é fi ayé ẹni ṣe, ẹ ti bi mí títí, mo sì ti fi ẹ̀rín dá yín lóhùn títí. Ẹ̀rín yẹn ti sú mi. Mo jókòó báyìí láti kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, torí tí mo bá fi ẹnu sọ ọ́, ibi tó dùn mí jù ni n ó fò. Ẹni tó bá ń wá ìtàn bí ọmọ tálákà ṣe di ọlọ́lá, kó yáa pa ìwé yìí dé kó gba oko lọ.

Múrítàlá ni orúkọ mi, ọmọ télọ̀ ni mí, ní Ẹ̀jìgbò níbí. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ṣe láti ìgbà èwe títí mo fi fẹ̀yìntì: mo ń kọ ètò, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Nínú iṣẹ́ náà, ohun kan ló gbé orúkọ mi jáde. Bí ètò kan bá ń wọ́ nílẹ̀, tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń fà á sẹ́yìn, èmi ni wọ́n máa ń pè pé kí n wá wá ibi tí àkókò ń gbà sọnù. Nídìí ìṣirò ni mo ti máa ń rí i jù. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń san kò ṣe pàtàkì. Wọ́n san án, mo jẹ ẹ́, ó tán.

Ilé-iṣẹ́ àwọn awọnlẹ̀ kan ní Òṣogbo ni mo ti kọ́ṣẹ́, ilé-iṣẹ́ aládàáni ni, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi ni Alàgbà Akíntáyọ̀. Ọkùnrin náà ti fa ṣéènì ìwọnlẹ̀ nínú igbó fún ogún ọdún kí kọ̀ǹpútà tó dé, ìgbà tó sì dé, ó kọ́ ọ fúnra rẹ̀ láti inú ìwé. Ó ga, ó gbẹ, n kò sì rí eyín rẹ̀ rí ní ọdún mẹ́fà tí mo lò lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi ló pè mí sídìí ẹ̀rọ. Ètò kan ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ tó ń ṣírò bí oko kan ṣoṣo ṣe tóbi tó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ó ní kí n wo ètò náà kí n sọ ibi tó ti ń falẹ̀. Mo wò ó fìrí, mo nawọ́ sí ibi tó ti ń tẹ èsì sórí bébà. Ó bi mí bí mo ṣe mọ̀. Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú mi.

Ó ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀. Ṣé bàbá rẹ máa ń rán ṣòkòtò fún oníbàárà pé ó jọ bẹ́ẹ̀?"

Ó lé mi dìde, ó fún mi ní ìwé ẹsásáìsì kan àti pẹ́ńsù. Iṣẹ́ tó fún mi ni pé kí n máa dá ètò náà dúró ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kí n wo ibi tó wà lásìkò tí mo dá a dúró, kí n fa ìlà kan sábẹ́ orúkọ ibẹ̀ nínú ìwé, kí n wá jẹ́ kó máa lọ. Ìgbà ọgọ́rùn-ún ni kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ìyà lásán lójú mi, títí mo fi rántí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Bí ẹ bá yọjú sí télọ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún láìsọ fún un tẹ́lẹ̀, tí ẹ sì bá a nídìí ihò bọ́tìnì nígbà ọgọ́ta, kò ní láti sọ ohun tó ń jẹ ọjọ́ rẹ̀ fún yín. Nígbà tí mo ka àwọn ìlà mi, ìgbà méjì péré ni mo bá ètò náà nídìí bébà tí mo nawọ́ sí. Ìgbà mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mo bá a nídìí ìsọdipúpọ̀.

Kí ó tó yé yín, ẹ fi sọ́kàn pé ọpọlọ ẹ̀rọ ìgbà náà kò mọ nọ́ńbà elépọ́ìntì. Odidi nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Bí a bá fẹ́ kó fi nọ́ńbà tó ní pọ́ìntì nínú sọ òmíràn di púpọ̀, a ní láti kọ ètò kékeré kan tí yóò tú u palẹ̀, tí yóò ṣe é díẹ̀díẹ̀, tí yóò tún un dì. Iṣẹ́ awọnlẹ̀ kò sì sí láìsí pọ́ìntì. Ibẹ̀ ni àkókò wa ń wọ̀ lọ, a ò sì mọ̀, torí pé ojú kì í rí i.

Òfin kìíní Alàgbà nìyẹn: má fọwọ́ kan ètò kí o tó kà á bí mo ṣe kà á yẹn. Òfin kejì le ju ìyẹn lọ. Ó ní bí o bá ti mú ìṣirò kan yára, ìwé ìwọnlẹ̀ tòótọ́, èyí tí wọ́n gbé bọ̀ láti oko tòótọ́, ni kí o fi dán an wò. Kí o fi èsì ti àtijọ́ wé ti tuntun nọ́ńbà sí nọ́ńbà, kí o sì fi ọwọ́ ṣe ọ̀kan nínú wọn. Lọ́dún kan, nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, ó bá mi pẹ̀lú èsì tí n kò tíì fi wé nǹkan kan. Kò pariwo. Ó fa bébà náà ya, ó gbé ìwé oko onígun ogójì kalẹ̀ níwájú mi, ó ní kí n fi ọwọ́ ṣe é kí n tó lọ sílé. Ìgbà tí mo dé Ẹ̀jìgbò, wọ́n ti jẹ ẹran tán, ìyá mi fi egungun pamọ́ dè mí. Mo gbé e ṣépè nínú lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá ń wá ọ̀gá tí yóò máa pọ́n yín lé, ẹ máa wá a, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo mọ̀ lónìí tí kì í ṣe ọwọ́ ọkùnrin yẹn ni mo ti gbà á.

Ojú ló bá a jà. Ó fẹ̀yìntì, ó padà sí ìlú rẹ̀, wọ́n sì fi mí sí àyè rẹ̀. Mo rò pé mo ti gbọ́n. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àmọ́ ta ló ń wo àkísà lọ́jọ́ tí aṣọ tuntun wà lọ́rùn rẹ̀?

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìjọba ní àwọn fẹ́ gba ilẹ̀ oko láàárín Masifa sí Ola, lẹ́bàá Ẹ̀jìgbò wa, láti gbin igi tíìkì sí. Àdéhùn wọn dára létí: oko tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọn yóò fún un ní ilẹ̀ míì tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ ní apá kejì odò. Ilé-iṣẹ́ wa ni wọ́n gbé iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ náà fún. Àwọn tó ń fa ṣéènì lọ, wọ́n bọ̀, ìwé ìwọnlẹ̀ kún orí tábìlì mi dé àgbọ̀n. Olówó ilé-iṣẹ́, ìyẹn ẹni tó ni ín, wọlé wá, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìjọba fún wa. Mo ṣírò rẹ̀, mo rí i pé ẹ̀rọ wa yóò lo oṣù mẹ́ta. Ó ní ohun tó jẹ́ kí àwọn fi mí jọ̀gá nìyẹn.

Mo tẹ̀ lé òfin kìíní. Mo ka ètò náà nígbà ọgọ́rùn-ún, mo sì bá a níbi tí a ti ń bá a láti ìgbà Alàgbà, nídìí ìsọdipúpọ̀. Ọ̀nà méjì ló wà tí ẹ̀rọ ń gbà tọ́jú nọ́ńbà elépọ́ìntì. Èyí tó gùn ń pa nǹkan bí òǹkà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mọ́ nínú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, èyí tó kúrú ń pa nǹkan bí méje mọ́, ó sì ń da ìyókù nù. Alàgbà kì í lo èyí tó kúrú. Èmi wá bi ara mi pé kí ni àgbẹ̀ fẹ́ fi òǹkà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣe? Mo yí gbogbo rẹ̀ sí kúkúrú. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Oko tó ń gba ààbọ̀ ọjọ́ kò ju wákàtí kan lọ mọ́.

Ó ku òfin kejì. Àwọn ìwé oko tòótọ́ wà níwájú mi, ṣùgbọ́n láti fi ọ̀kan dán an wò, ó di dandan kí n jẹ́ kí ètò àtijọ́ ṣe é láti àárọ̀ dọ̀sán, kí n tún wá fi ọwọ́ ṣe é. Mo ní kò sáyè. Mo fa ìwé ìkọ́ṣẹ́ Alàgbà yọ, oko tó fi ń kọ́ wa, tí mo mọ èsì rẹ̀ lórí. Ètò tuntun gbà á láìṣi ẹyọ kan. Inú mi dùn. Olówó ilé-iṣẹ́ gbá mi lọ́wọ́ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní ẹ wo ọmọ Ẹ̀jìgbò.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwé ìkọ́ṣẹ́ àti ìwé oko tòótọ́ nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á. Nínú ìwé ìkọ́ṣẹ́, láti igun oko náà fúnra rẹ̀ ni Alàgbà ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n, kí ìṣirò má baà ni ọmọ ẹ̀kọ́ lára, torí náà nọ́ńbà rẹ̀ kéré. Nínú iṣẹ́ ìjọba, láti ibì kan tó jìnnà réré ni wọ́n ti ń wọn gbogbo ilẹ̀ bọ̀, torí náà igun oko kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà olóǹkà mẹ́fà méjì. Kí a tó mọ bí oko ṣe tóbi tó, a ó sọ àwọn nọ́ńbà ńlá yẹn di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, a ó sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ẹ ronú kan ẹni tó fẹ́ mọ ìwọ̀n fìlà, tó wá gbé awakọ̀ tòun ti fìlà àti ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ sórí ìwọ̀n, tó ní kó ṣí fìlà, tó tún un wọ̀n, tó wá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ohun tó rí kì í ṣe ìwọ̀n fìlà. Òǹkà tí mo ní kí ẹ̀rọ dà nù, inú rẹ̀ gan-an ni oko àwọn èèyàn wà.

Èyí tó tún burú ni pé mo rí àmì rẹ̀. Éékà mẹ́jọ àti díẹ̀, éékà mẹ́rìndínlógún àti díẹ̀, éékà mẹ́rìnlélógún àti díẹ̀: oko lẹ́yìn oko ń bọ́ sórí àwọn nọ́ńbà kan náà. Mo rò pé bóyá bí àwọn baba wọn ṣe pín in nìyẹn. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo dì í, mo fi ránṣẹ́.

Bàbá Sálámì wà lára àwọn tó ní oko níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, òun ló sì fi iṣu rẹ̀ rán mi ní yunifásítì nígbà tí abẹ́rẹ́ bàbá mi kò ká a mọ́. Ó ti gbé Abiján fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà wálé wá dáko, Faransé kékeré kan sì kù lẹ́nu rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti parí lójú rẹ̀, a ní "vwalà," a gbọn ọwọ́ méjèèjì nù. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni. Láti ìgbà tó ti dé, apá kan tẹ̀ lé apá kan, ó ti kọ ebè yí oko náà ká, igba igba ló sì ń ka ebè rẹ̀, bí àwọn àgbẹ̀ wa ṣe ń kà á.

Ọjọ́ tí wọ́n ka èsì, pápá ilé-ìwé kan ní Masifa ni wọ́n pe gbogbo wọn sí. Èmi náà wà níbẹ̀, mo wọ aṣọ funfun, torí olówó ilé-iṣẹ́ ní kí n wá jẹ́ kí ìlú mi rí mi. Òṣìṣẹ́ ìjọba dúró, ó ń ka orúkọ àti éékà, ẹni tí wọ́n bá kà, a jáde, a tẹ àtàǹpàkò sínú tàdáwà, a tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Wọ́n ka Kàrímù, tí oko rẹ̀ bá ti Bàbá Sálámì pààlà: éékà mẹ́rìndínlógún àti díẹ̀. Kàrímù yára tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ka Bàbá Sálámì: éékà mẹ́rìndínlógún àti díẹ̀.

Bàbá ò tẹ nǹkan kan. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún ti Kàrímù kà. Wọ́n tún un kà. Ó ní kí wọ́n tún tòun kà. Wọ́n tún un kà.

Ó ní, "Mo kọ ebè sí oko mi, mo sì kà á. Ọ̀kẹ́ méjì ni, ó lé. Èmi àti Kàrímù la jọ ka tirẹ̀ lọ́dún tó gba ọ̀wẹ̀ lọ́wọ́ mi, ọ̀kẹ́ kan ni, kò pé e dáadáa. Báwo ni méjèèjì ṣe wá dọ́gba?"

Ọ̀kẹ́ kan, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, igba lọ́nà ọgọ́rùn-ún ni. Kàrímù ń wo ilẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó ní ojú àwọn ará Abiján kì í kún. Ẹ̀rín ran gbogbo pápá. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní kì í ṣe ebè ni ayé ń kà mọ́, kọ̀ǹpútà ló ṣe é, ẹni tó sì kọ ètò kọ̀ǹpútà náà ló jókòó sọ́hùn-ún nì. Gbogbo ojú yí sí mi. Bàbá Sálámì rìn wá síwájú mi, ó rọra sọ̀rọ̀ kí àwọn yòókù má baà gbọ́.

"Múrí, ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo lè ní kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ méjì kí n fi ọwọ́ ṣe oko kan ṣoṣo yẹn. Ohun tí Alàgbà yóò ṣe nìyẹn. Àmọ́ ojú tì mí pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ń bá ìjọba du ilẹ̀ níwájú ogunlọ́gọ̀, mo sì fẹ́ kó tètè parí. Mo gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́ mi.

"Bàbá, ẹ̀rọ ò mọ Sálámì, kò mọ Kàrímù, kò lè ṣojúsàájú. Òótọ́ ló kà yẹn. Ẹ̀yin lẹ ṣi ebè kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ó padà sídìí tábìlì, ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀, ó nu tàdáwà sára ṣòkòtò. Ó ní vwalà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Sálámì Ọlọ́kẹ̀ẹ́ Méjì ní gbogbo agbègbè náà, bó bá ti ń kọjá, wọ́n á ní ẹ kó ilẹ̀ yín sínú, ẹni tí ilẹ̀ kì í tó ń bọ̀.

Ọdún méjì kọjá kí ẹ̀rọ tuntun tó dé. Èyí ní ọpọlọ kejì tó mọ nọ́ńbà elépọ́ìntì fúnra rẹ̀, nọ́ńbà gígùn kò sì ni í lára mọ́. Mo yí ètò padà sí gígùn, mo fa iṣẹ́ Masifa yọ láti fi wo bí ẹ̀rọ náà ṣe yára tó. Ó yára. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi parí oko kan. Èsì rẹ̀ ni kò bá ti àtijọ́ mu. Mo rò pé ẹ̀rọ tuntun ló ń ṣiṣẹ́kíṣẹ̀ẹ́. Mo mú ìwé tábìlì ìṣirò Alàgbà, mo fi ọwọ́ ṣe ti Bàbá Sálámì, ọjọ́ kan àtààbọ̀ ni mo fi ṣe é. Éékà mẹ́tàlélógún. Mo ṣe ti Kàrímù. Éékà mọ́kànlá. Bàbá tó ń fi ẹsẹ̀ rìn láàárín ebè mọ̀ ọ́n, èmi tó lọ sí yunifásítì lórí iṣu rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Mo gbé bébà náà tọ olówó ilé-iṣẹ́ lọ. Ó kà á, ó ti ilẹ̀kùn, ó bi mí pé ta ló bẹ̀ mí níṣẹ́ kí n tún un ṣe. Ó ní àwọn tí oko wọn dín ń bẹ, àmọ́ àwọn tí tiwọn lé náà ń bẹ, ṣé èmi ni yóò lọ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyẹn? Ó ní bí ọ̀rọ̀ náà bá jáde, orúkọ tèmi ló wà nísàlẹ̀ ètò náà. Mo lọ sọ́dọ̀ Alàgbà Akíntáyọ̀ ní ìlú rẹ̀. Kò ríran tó láti ka bébà náà mọ́, mo kà á sí i létí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí, ìwé wo ni mo fi dán an wò. Mo ní ìwé ìkọ́ṣẹ́ yín ni, sà. Mo dìde, mo lọ. N kò tún fojú kàn án kó tó kú.

Mo wá lọ bá Bàbá Sálámì. Kò sí nínú oko rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n fún un kò gba ìdílé rẹ̀, ó ti ń gba iṣẹ́ alágbàṣe kún un. Orí oko tuntun Kàrímù ní apá kejì odò ni mo ti bá a, tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀, ó ń kọ ebè. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, n kò yọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó fi ọkọ́ tilẹ̀, ó gbọ́ mi tán.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé n kò ṣi ebè kà. Ṣé nítorí kí o lè sọ ọ́ fún mi lo ṣe wá láti Òṣogbo?"

Mo ní mo fẹ́ wá ọ̀nà gba ilẹ̀ náà padà. Ó mi orí.

"Fi ilẹ̀ sílẹ̀. Kàrímù ti gbin nǹkan sí èyí tó lé lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ti kọ́lé sí i, n kò bá a jà. Àwọn ọmọ mi ni wọ́n ń pè ní ọmọ olójúkòkòrò níbi omi. Níwájú èèyàn lo ti pè mí ní òpùrọ́, Múrí. Dìde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní mọ́sálásí wa, kí o wí fún wọn níwájú èèyàn pé ìwọ lo ṣì í. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́."

Mo ṣèlérí fún un. Ó béèrè Jímọ̀ wo, mo ní èyí tó ń bọ̀. Nígbà tí Jímọ̀ náà dé, mo rántí orúkọ mi tó wà nísàlẹ̀ ètò, mo rántí ọmọ mẹ́rin, mo rántí ọdún tó kù kí n tó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì. Mo ránṣẹ́ pé iṣẹ́ dí. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ránṣẹ́ pé ara mi ò yá. Lẹ́yìn náà n kò ránṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rù ni. N kò ní wá orúkọ tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ fún un, ẹ̀rù bà mí, mo sì jẹ́ kí àgbàlagbà máa jẹ ẹ̀sín kí èmi má baà jẹ ẹ́.

Ó kú kí ọdún kejì tó yí. Àyà ló dùn ún lórí ebè. A sin ín bí Mùsùlùmí, aáfà sì ṣe wàásù. Ó yìn ín pé ó kírun, ó tọ́mọ, kò bá obìnrin ẹnikẹ́ni jà. Ó ní kù-ǹ-díẹ̀-káà-tó rẹ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n, kí Ọlọ́run foríjì í fún ojúkòkòrò náà. Gbogbo èèyàn ní àmín. Èmi náà ní àmín. Mo gbọ́ ohùn ara mi nígbà tó jáde, n kò sì lè dá a padà.

Mo tún ṣe iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Ohun èlò yí padà lójú mi. Irinṣẹ́ dé tó ń ka ètò fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá, tó ń ya àwòrán aláwọ̀ pupa síbi tó ń falẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fa ìlà sínú ìwé mọ́. Fóònù tó wà lápò yín lè ṣe gbogbo iṣẹ́ Masifa kí ẹ tó sín tán. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ, mo ń sọ òfin kejì Alàgbà fún wọn, wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá. Ilẹ̀ tíìkì yẹn wà níbẹ̀ títí di òní, ìjọba tó gbà á lọ, òmíràn dé, kò sí igi kan lórí rẹ̀, koríko ló bò ó. Nítorí koríko ni.

Ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ náà dára. Ó dára. Ó fún mi ní ilé tí mò ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé iṣẹ́ ìjókòó lásán ni, tí kò kan ẹlòmíì. Ẹni tó wà ní ìparí nọ́ńbà tí ẹ bá gé kúrú, ẹ ò ní rí i níbi tí ẹ jókòó sí, ó sì lè jẹ́ ẹni tó rán yín níwèé.

Bàbá Sálámì fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Ṣìfáwù. Màmá ọlọ́mọ ni báyìí, ó ń tajà nínú ọjà wa. Bí ọdún Iléyá bá ti dé, ó máa ń gbé iṣu márùn-ún wá fún mi, á kúnlẹ̀, á ní, "Bùọ̀dá Múrí, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ òótọ́ fún bàbá wa lọ́jọ́ náà ní pápá. Tí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni, ìjà ilẹ̀ yẹn ì bá ti pa á ṣáájú ọjọ́ rẹ̀." Mo máa ń ní kó dìde. Mo máa ń gba iṣu náà, a máa ń gún un jẹ.

Ṣìfáwù, n kò lè sọ ọ́ lójú rẹ, mo ti gbìyànjú rẹ̀ lọ́dọọdún. Kí ọmọ rẹ tó mọ̀wé jù kà á sókè fún ọ. Éékà mẹ́tàlélógún ni. Bàbá rẹ kò ṣi ebè kankan kà, kò sì purọ́ lọ́jọ́ ayé rẹ̀. Èmi ni. Má gbé iṣu wá lọ́dún yìí.